Ìyá Tún-un-sọ àti Ẹsẹ̀ Òsì Wọn

Ọjọ́rú ni, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sì ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kọjá. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀; ooru mú débi pé ògiri ilé ìwòsàn ń làágùn. Ìgbà náà ni ìyá tó bí ìyá mi mí èémí ìkẹyìn, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì wà nínú ọwọ́ mi. Mo kọ ọjọ́, wákàtí àti ipò ojú ọjọ́ sílẹ̀ ṣáájú nítorí pé olùkọ́ tó ń kọ́ àwa àgbà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Mówè máa ń sọ pé ohun tó dájú ni kí ènìyàn kọ́kọ́ kọ, kí ó tó kan ohun tó ń dùn ún. Ohun tó ń dùn mí pọ̀. N kò lè tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì ní sọ ìtàn gbogbo ìgbésí ayé wọn. Mo fẹ́ sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, àti ohun tí èmi pẹ̀lú wọn jọ ṣe sí ẹsẹ̀ òsì wọn.

Ìyá Àgbà ni mo ń pè wọ́n. Ìfọ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ṣùgbọ́n Ọ̀fàdà ni wọ́n ti lo ọjọ́ ayé wọn. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Tún-un-sọ, orúkọ náà kò sì bí wọn nínú. Ìrẹsì ni iṣẹ́ wọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú àgbá, wọ́n á bọ̀ ọ́ lórí iná igi, wọ́n á sá a sórí ọ̀rá ńlá ní àgbàlá, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń bó èèpo rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, ohùn wọn kò ga, ẹsẹ̀ wọn sì máa ń yá ju ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá jọ ń rìn.

Kí wọ́n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ara wọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, wọ́n á sì máa kí ẹ̀yà ara wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, orúnkún, ẹ̀yìn, ọwọ́, ojú, kí wọ́n tó wá kan orí. Kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàdúrà. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀gá bá ń pín iṣẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún, o káàárọ̀, o máa gbé mi dé ilé ẹ̀rọ lónìí. Ẹsẹ̀ òsì, o káàárọ̀, má jẹ́ kí ẹnì kejì rẹ nìkan ṣe é." Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ ìbora. Wọ́n á ní kí n dákẹ́, àwọn ń ṣe ìpàdé.

Mo ti dàgbà dáadáa kí n tó béèrè bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. À ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní lẹ́yìn tí ìyá mi kú, tí èmi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn kò lè dìde. Kò sí àìsàn kankan lára wọn. Ẹsẹ̀ wọn ni kò gbọ́ tiwọn mọ́. Àwọn tó wá kí wọn ń sọ pé kí wọ́n mọ́kàn le, ọ̀rọ̀ náà sì ń kọjá lọ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, mo wá dúró níwájú wọn pẹ̀lú abọ́ òfìfo. Wọ́n wo abọ́ náà, wọ́n tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n sì wí pé: "Ẹsẹ̀, dìde. Ọmọ kan wà nínú ilé yìí tí kò tíì jẹun."

Òfin kan wà nínú ilé wa tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì nínú ilé gbọ́dọ̀ jáde, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níta, kí ó sì tún un sọ wọlé ní ọ̀nà mìíràn. Mo rí òṣìṣẹ́ kan tó wá ka mítà iná, tí wọ́n lé jáde nítorí pé ó ní ìlú yìí ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé wọn kò ní jẹ́ kí òun dé ìdí mítà, ó wọlé, ó ní, "Màmá, ìlú á dára." Ìyá Àgbà bi í pé ta ló sọ fún un. Ó ní òun kàn ń sọ ọ́ ni. Wọ́n tún lé e jáde. Nígbà kẹta ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ronú díẹ̀, ó sì sọ pé òun fẹ́ kí ìlú dára kí òun tó fẹ̀yìn tì, nítorí àwọn ọmọ òun. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n bu omi fún un mu. Ó ní nínú gbogbo ilé tí òun ti ń ka mítà, òun kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fún ọ̀rọ̀ ẹnu ní ìdánwò. Wọ́n ní, "O sì yege. Lọ ka mítà rẹ."

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣì wọ́n lóye. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ dídùn ni Ìyá Àgbà ń wá. Nígbà tí mo kùnà nínú ìdánwò ìṣirò lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ń fi ọ̀sán ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní Ìbàfò, mo sì ń fi ìrọ̀lẹ́ lọ sí kíláàsì. Mo wọlé, mo ní orí mi kò gba ìṣirò. Wọ́n nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà láìwo ojú mi. Òjò ń rọ̀. Mo jáde, mo padà, mo ní èmi ni n óò gba ipò kìíní lọ́dún tó ń bọ̀.

"Irọ́ ni," ni wọ́n wí. "Etí ìwọ alára gbọ́ ọ, kò gbà á. Jáde."

Mo jáde lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró lábẹ́ òjò, mo ń ro ohun tí mo mọ̀ àti ohun tí n kò mọ̀. Mo wọlé, mo ní, "Mo mọ ìsọdipúpọ̀ dáadáa. Ìdá ni kò tíì yé mi."

Wọ́n ju aṣọ ìnura sí mi. "Èyí ni mo lè gbà wọlé. Kò ga, ṣùgbọ́n ó lè dá dúró."

Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Bísí, tó ń gbé ní Àjùwọ̀n, kò fara mọ́ ọ̀nà yìí. Lọ́jọ́ kan ó gbé ìwé pélébé kan wá, tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ ńláńlá sí: olórí ni mí, ọlọ́lá ni mí, kò sí ohun tó lè dá mi dúró. Ó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kí ó kà á sókè. Ó kà á. Wọ́n béèrè ẹni tí ìwé náà ń bá wí. Àǹtí Bísí ní gbogbo ènìyàn ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ kò tíì bá àwọn sọ nǹkan kan. Inú bí Àǹtí Bísí. Ó ní kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìwé òun àti ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kí láàárọ̀. Ìyá Àgbà dáhùn láìgbé ohùn sókè: "Ẹsẹ̀ mi mọ ibi tí mo ń rán an."

Bàbá Sùlé, tó ni ilé ẹ̀rọ ìrẹsì, ni ẹni tí wọ́n jọ máa ń jà jù. Ọjọ́ kan, epo ẹ̀rọ tán, ìrẹsì àwọn ènìyàn sì wà nílẹ̀. Bàbá Sùlé rí i tí Ìyá Àgbà ń bọ̀, ni ọkùnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Tún-un-sọ, ẹ bá mi kí ẹ̀rọ yìí o. Ẹ sọ fún un pé epo kún inú ẹ̀." Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni ń kí ọmọ, wọ́n sì yíjú padà. "Mo ti kí i. Ó ní kí o lọ ra epo."

Mo kọ àwọn ìtàn yìí kí ẹni tó bá ń kà á má bàa rò pé òmùgọ̀ ni wọ́n, tàbí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ bo ojú ara rẹ̀. Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ àti epo. Wọ́n mọ irọ́ ní kété tó bá wọlé. Ìdí nìyí tí ohun tó tẹ̀lé e kò fi tíì yé mi tán títí di òní.

Omi gbígbóná ni ó dá a sílẹ̀. Àgbá tí wọ́n fi ń bọ ìrẹsì fì, omi sì dà sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn wo ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbá omi kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Mo rò pé ìgboyà ni. Dókítà ló wá ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé àtọ̀gbẹ tí a kò mọ̀ pé ó wà lára wọn ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ náà. Wọn kò pariwo nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n lára.

Awọ ara wọn lé, ó bẹ́, ó di egbò. Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń fi okùn òwú wọn ìbú egbò náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, n óò fi rúlà ka okùn náà, n óò kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó kéré. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó fẹ̀ díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìka méjì ti dúdú, òórùn sì ti ń bá wa gbé nínú ilé. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn láti yàrá kejì. Ìkíni náà kò dà bí ti ọ̀gá mọ́. Wọn kì í rán ẹsẹ̀ òsì níṣẹ́ mọ́. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ ni. "Ẹsẹ̀ òsì, mo bẹ̀ ọ́. O kò ṣe irú èyí sí mi rí."

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí a lọ sí ilé ìlera kékeré kan ní Ìbàfò. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ṣe jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti da òróró olóòórùn sí báńdéèjì láti ilé, tú ìdajì rẹ̀, wọ́n fi òkè ẹsẹ̀ hàn án, wọ́n sì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó béèrè iye ọjọ́ tí egbò náà ti wà. Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì náà kò gbà á lójú ẹsẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lóòótọ́, kí a fọ̀ ọ́ kí a sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun máa kọ lẹ́tà fún wa báyìí báyìí, kí a gba ilé ìwòsàn ńlá lọ. Ó wá yíjú sí èmi.

"Àǹtí, ọjọ́ mélòó ni?"

Ìwé kékeré náà wà nínú báàgì lórí itan mi. Ìyá Àgbà kò wò mí. Wọ́n ń wo ẹnu ọ̀nà.

Mo ní, "Mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. N kò tíì sọ èyí tó wúwo jù ú lọ láyé mi.

Nígbà tí a délé, n kò lè jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo sì sọ ọ́: "Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ yín ń jẹrà."

"Jáde, Àbẹ̀kẹ́."

Mo jáde. Oòrùn ń ràn, ìrẹsì aládùúgbò kan wà lórí ọ̀rá wa, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wá gbólóhùn kan tó jẹ́ òtítọ́ tí kò sì ní í já ọkàn wọn kulẹ̀. Mo wá a bí mo ṣe ń wá ìdáhùn ìṣirò. Kò sí. Mo wọlé, mo ní, "Ẹsẹ̀ yín ń san."

Mo dúró kí wọ́n sọ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lé mi padà sínú òjò nítorí irọ́ kékeré lórí ìdánwò wo ojú mi pẹ́, wọ́n sì wí pé, "O ṣé. Jókòó."

Ìgbà mẹ́rin ni a ṣe èyí láàárín ọjọ́ mọ́kànlá. Mo ka iye rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo gbé òtítọ́ jáde, ìgbà mẹ́rin ni mo gbé irọ́ wọlé, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi bí omi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo sunkún níta kí n tó wọlé, mo sì nu ojú mi dáadáa kí wọ́n má bàa rí i. Wọ́n rí i. Wọ́n ní kí n jókòó.

Ní ọjọ́ kejìlá, ibà ti gbé wọn ṣánlẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀sán gangan, mo ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dùbúlẹ̀. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ tó ti dúdú náà kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n jáde lọ sí àgbàlá. N kò rí i rí kí wọ́n lé ara wọn jáde. Wọ́n dúró níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn náà wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, wọ́n sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń jíṣẹ́:

"Ẹsẹ̀ òsì mi ti kú. Èmi kò tíì kú. Gbé mi lọ."

Bàbá Sùlé ló fi ọkọ̀ ìrẹsì rẹ̀ gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀ sórí àpò òfìfo, orí wọn wà lórí itan mi. Ojú ọ̀nà burú. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá fò, wọ́n á di ọwọ́ mi mú. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi gba irọ́ mi wọlé, àwọn tí kì í gba irọ́. Wọ́n ní àwọn rántí ọ̀sẹ̀ tí ìyá mi kú. "Ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá sọ ọ́, ara tó kù á gbọ́, gbogbo rẹ̀ á sì jókòó bíi ti ìgbà yẹn. Ta ni yóò wá dìde fún ọ?"

Dókítà sọ pé a ti pẹ́, ṣùgbọ́n kí a gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún, bóyá ara yóò gbà á. Ó ní kí Ìyá Àgbà fọwọ́ síwèé. Wọ́n tẹ àtàǹpàkò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Ìyá Àgbà ní kí n gbé orí àwọn sókè díẹ̀. Wọ́n kí ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Wọ́n wá bojú wo báńdéèjì ẹsẹ̀ òsì. "O ti ṣe é fún mi tó," ni wọ́n wí fún un. "Èmi ni mo dá ọ dúró pẹ́. Máa lọ."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Májèlé egbò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí wọ́n ń pe ìyá mi. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tó dára, mo mú ìwé kékeré náà jáde, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ọ̀sẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì, gígùn okùn kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kí wọ́n bú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n ní kí n jáde. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú wọn wà ní òkè.

Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìgbà mẹ́rin ni mo rán ọ jáde."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

"Ó yẹ kí o ti bá tìrẹ lọ, kí o lọ pe ènìyàn wá. Kí lo tún ń padà wá bá mi sọ?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó gún régé tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Mo ti wá ọ̀nà tí mo lè gbà tún un sọ kí ó má bàa dùn mí tó bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí i.

A sin wọ́n sí Ìfọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àǹtí Bísí, Bàbá Sùlé àti èmi lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bá àtọ̀gbẹ lára Àǹtí Bísí, ó sì ti ń lo oògùn. Mo padà sí ilé ìlera ní Ìbàfò, mo wá nọ́ọ̀sì náà rí, mo sì sọ iye ọjọ́ gan-an fún un. A kì í lé ẹnikẹ́ni jáde mọ́ nínú ilé wa.